Wòsílátù àti Ìwé Kọ̀ǹpútà Mẹ́rin

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ kà á délẹ̀ ná.

1.
Lagos Town, níbí ní Accra, ni Wòsílátù ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ tó ń ta ọṣẹ ní ọjà Makola. Bọ̀ọ̀dá Abọ́dúndé, aládùúgbò wọn, bá Wòsílátù wá iṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń ṣe ìkànnì ayélujára fún àwọn oníṣòwò.

"Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fún ọ kí wọ́n tó dán ọ wò. Mú ìwé kan lórí iṣẹ́ náà, parí rẹ̀, kí o sì máa fi ọwọ́ ṣe ohun tó bá kọ́ ọ."

"Mo gbọ́, Bọ̀ọ̀dá."

Irọ́ ni. Kò gbọ́ nǹkan kan.

2.
Ọmọ ọlọ́jà ni. Ó rò pé ẹ̀kọ́ dà bíi ṣọ́ọ̀bù: bí ọjà bá ti kún inú rẹ̀, iṣẹ́ ti bùṣe. Ó wọ trotro, bọ́ọ̀sì èrò, lọ sí ọjà Kaneshie, ó ra ìwé kọ̀ǹpútà àlòkù mẹ́rin tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù. Kò wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ wọ́n. Ohun tó wà nínú méjì níbẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ti pa á tì tipẹ́. Ó tún kó fídíò ẹ̀kọ́ ọgọ́fà sórí fóònù. Tí ọ̀kan bá ti le díẹ̀, á bọ́ sí òmíràn. Orí kìíní gbogbo wọn ló mọ̀. Ẹ̀yin ará, ṣé orí kìíní la fi ń jẹun ni?

Ní Makola, wọ́n ti ń pe ìyá rẹ̀ ní Ìyá Oníkọ̀ǹpútà. Inú ìyá náà ń dùn ṣìnkìn.

3.
Ọjọ́ ìdánwò pé. Wọ́n ní kó ṣe ojú ewé kan tí oníbàárà lè kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sí. Wákàtí méjì ni wọ́n fún un. Wòsílátù tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, ọwọ́ rẹ̀ ò lọ, kò bọ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rù ò tiẹ̀ bà á mọ́. Wọ́n ní kó máa lọ, kò sẹ́ni tó bú u. Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ ti ń dúró dè é.

"Wòsí, ṣé wọ́n gbà ọ́?"

"Wọn ò gbà mí, Màámi."

"Kí ló dé?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe."

"Pẹ̀lú gbogbo ìwé yẹn?"

Wòsílátù bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó. Ẹkún pàápàá ò wá.

"Háà! Mo ti sọ fún gbogbo Makola pé ọ̀la lo máa bẹ̀rẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, ó ru páálí ọṣẹ, ó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Àwọn obìnrin kí i, ó dá wọn lóhùn. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, tí ẹ̀kọ́ tí o ò tíì ṣí kún inú fóònù rẹ, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí. Béèrè ìwé tó dára lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Mú ẹyọ kan, kí o fi ọwọ́ ṣe é dópin. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Ká má tíì wá sọ ti ẹni tó lé ọgọ́fà.