Làsísì Nídìí Tẹlifóònù

Ọdún kejì tí àwọn alágbádá gbàjọba ni ilé iṣẹ́ kan tí ó ń ṣe fóòmù ìbùsùn ní Ìkẹjà gba Làsísì sí ìdí tẹlifóònù. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́ láti kékeré. Ọdún náà sì ni gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún àwọn aláàbọ̀ ara. Àwọn oníwèé ìròyìn wá, wọ́n ya fọ́tò. Máníjà gbé ọwọ́ lé Làsísì léjìká, ó ní bí ọkùnrin yìí bá ṣiṣẹ́ títí di Kérésìmesì láìṣe àṣìṣe, òun yóò gba mẹ́rin sí i nínú àwọn tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Catherine wà lára àwọn mẹ́rin náà. Òun àti Làsísì jọ kọ́ iṣẹ́ tẹlifóònù ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú, òun ló tilẹ̀ mọ̀ ọ́n jù. Láti ìgbà tí wọ́n ti jáde, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Agége ló jókòó sí, tí ó ń bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n ṣa ẹ̀wà.

“Làsísì, ọwọ́ rẹ ni ọ̀rọ̀ gbogbo wa wà o,” ni ó wí. “Bí o bá ṣàṣìṣe ẹyọ kan, wọn ò ní sọ pé Làsísì ló ṣe é. Wọ́n á ní bí afọ́jú ṣe ń ṣe nìyẹn.”

“Ìwọ ṣáà máa ṣa ẹ̀wà rẹ dáadáa. Òkúta tí mo jẹ nílé yín lọ́jọ́sí, eyín mi ò tíì gbàgbé.”

Olúgbénró, akọ̀wé àgbà tí ó gbà á síṣẹ́, ṣe dáadáa sí i. Òun ló ń fà á lọ́wọ́ láti ẹnu géètì ní àràárọ̀. Òun ló ní kí wọ́n fi fóòmù bo ògiri yàrá rẹ̀ yípo, kí ariwo ẹ̀rọ má baà dí i lọ́wọ́. Yàrá Olúgbénró àti àwọn akọ̀wé rẹ̀ fara ti tirẹ̀, síbẹ̀ Làsísì kì í gbọ́ ìró wọn.

“Bí ọmọ ìyá mi ni mo mú ọ,” ni Olúgbénró máa ń wí.

“Ọlọ́run á bá yín ṣe é, ọ̀gá.”

Iṣẹ́ náà kò le. Bọ́ọ̀dù kan wà níwájú rẹ̀ tí ihò Ìbàdàn, ti Kánò, ti Benin, ti ọlọ́pàá àti ti panápaná wà lára rẹ̀. Bí ìpè bá wọlé, yóò fọwọ́ wá ihò, yóò ti okùn bọ̀ ọ́, yóò kí onítọ̀hún, yóò sì so ó mọ́ ọ̀gá tí ó bá bèèrè. Kò pẹ́ tí ó fi mọ ohùn gbogbo àwọn oníbàárà. Nígbà tí tẹlifóònù kú ní gbogbo Ìkẹjà, tí àwọn ilé iṣẹ́ ń rán ènìyàn fi ẹsẹ̀ jíṣẹ́, tirẹ̀ kò kú. Olúgbénró ní ilé iṣẹ́ ti ra okùn tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ó gbọ́ ìró òjò lórí páànù lẹ́yìn ohùn Àlàájì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó ń tajà ní Kánò.

“Àlàájì, ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín náà ni?”

Ọkùnrin náà húkọ́. “Ó ń rọ̀ o.”

Làsísì ní àánú Ọlọ́run kárí.

“Wọn kì í bú ọ?” Catherine bi í. “Wọ́n ní oníbàárà á bú wa títí á fi sú wa.”

“Ohùn mi ló dùn. Tìrẹ ni wọ́n máa bú.”

Àwọn ará ìjọba wá láti sẹkitéríàtì. Wọ́n dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gbọ́ bí ó ṣe ń dáhùn, obìnrin kan nínú wọn sunkún. Kò pẹ́ sígbà náà, ìjọba gbé iṣẹ́ fóòmù àwọn ilé ìwòsàn fún ilé iṣẹ́ náà.

Kérésìmesì ń sún mọ́lé. Làsísì kò tíì ṣe àṣìṣe kankan. Catherine ti rán búláòsì tí yóò máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, Làsísì gbóòórùn fóòmù tó ń jó. Nùréènì, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, já wọlé.

“Ẹ̀gbọ́n, iná ti mú ilé ìkẹ́rùsí! Ẹ jẹ́ ká lọ!”

“Ta ló ti pe panápaná?”

“Mi ò mọ̀. Gbogbo ọ̀gá ti wà níta.”

“Iṣẹ́ mi nìyẹn. Máa lọ.”

“Ẹ fi nǹkan yẹn sílẹ̀ jàre! Ṣé ẹ fẹ́ kú ni?”

“Bí mo bá sá lónìí, ta ni yóò tún gba afọ́jú síṣẹ́?”

Nùréènì fà á láṣọ títí aṣọ fi ya. Ikọ́ lé e jáde.

Làsísì ti okùn bọ ihò panápaná, ó tẹ bọ́tìnnì ìpè. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó pe ọlọ́pàá. Ó pe Ìbàdàn, ó pe Kánò, bóyá wọ́n lè bá a ké sí ẹnìkan. Gbogbo wọn dákẹ́. Ó gbà pé iná ti já wáyà níbì kan. Wọ́n ti kọ́ wọn nílé ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń so ó. Ó dá okùn padà sí ihò panápaná, ó há bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ kí ìpè lè kọjá ní kété tí òun bá ti so ibi tó já. Lẹ́yìn náà ó bọ́ ohun ìgbọ́rọ̀ kúrò létí, ó kúnlẹ̀, ó di wáyà mú, ó ń rá tẹ̀lé e nínú èéfín.

Wáyà náà kò gba ojú fèrèsé lọ síta bí ó ti rò. Ó wọ inú ihò kan nísàlẹ̀ ògiri. Làsísì táràrà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn Olúgbénró. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ṣùgbọ́n agogo tẹlifóònù kan ń dún kíkankíkan. Ó fọwọ́ wá ìsàlẹ̀ ògiri títí ó fi rí wáyà rẹ̀, ó sì tẹ̀lé e gun ẹsẹ̀ tábìlì.

Orí tábìlì ni ó pín sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan sára àwọn tẹlifóònù tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sì sí wáyà kan tó jáde kúrò níbẹ̀ lọ síbòmíràn: ibẹ̀ ni Ìbàdàn wà, ibẹ̀ ni Kánò wà, èyí tó sì ń dún lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yẹn ni panápaná.