Òkè Àkùkọ ní Ilẹ̀ Yìnyín

Àlọ́ mi yọ̀ tẹ̀rẹ́ lórí yìnyín, ó forí sọ Àkùkọ, alága Ìgbìmọ̀ Ìsọlórúkọ.

Inú igbó tó móoru ni ìgbìmọ̀ náà jókòó sí, tí wọ́n ń sọ àwọn òkè ilẹ̀ yìnyín lórúkọ. Kò sẹ́ni tó débẹ̀ rí nínú wọn. Kí ni kí òkè tó ga jù máa jẹ́? Àkùkọ ní kí wọ́n má wulẹ̀ da ara wọn láàmú, Òkè Àkùkọ ni. Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, wọ́n wọkọ̀ ojú omi, ó di ibẹ̀.

Ìyá Pẹngúìnì, ẹyẹ tí wọ́n bí sórí yìnyín, wá pàdé wọn.

"Ẹ kú ewu ọ̀nà, alága. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ o. Má-gùn-mí là ń pe òkè yìí."

"Ta ló fọwọ́ sí i?"

"Àwọn tó ti gùn ún ni ìbá fọwọ́ sí i, àmọ́ a ò rí wọn mọ́."

Àkùkọ rẹ́rìn-ín. Ó gùn ún dé ṣóńṣó, ó dá orin, ìgbìmọ̀ ń gbè é látinú ọkọ̀:

"Òkè ta ni?"
"Òkè Àkùkọ!"
"Ta ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"
"Àkùkọ náà ni!"

Bó ṣe kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, yìnyín sán pàà, òkè wó sínú òkun tòun tàlejò.

Ìgbìmọ̀ ò jẹ́ kílẹ̀ ó ṣú. Wọ́n pa Òkè Àkùkọ rẹ́, wọ́n kọ Òkun Àkùkọ, wọ́n tún lu òǹtẹ̀. Nínú gbogbo wọn, alága nìkan ló mọ ibi tí wọ́n sọ lórúkọ dé ìsàlẹ̀.