Ìkòkò Kékeré Mọ́ládé

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Ìsẹ́yìn, Mọ́ládé gbé iyán kalẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀, ó padà sí ìdí ààrò, ó sì ṣí ìkòkò kékeré kan tí Akínyẹlé kò rí rí. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú ẹja àti ẹ̀wà díẹ̀. Ó bù ú sínú àwo, ó jókòó, ó ń jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́.

"Ìyá Olúkúnlé, ìwọ ò jẹyán ni?"

"Mo fẹ́ dín ọ̀rá ara kù," ni Mọ́ládé wí. "Iyán alálẹ́ yìí ti tó gẹ́ẹ́."

Akínyẹlé rẹ́rìn-ín. Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là á jẹ̀kọ: kò mọ òfin mìíràn lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Nígbà tí dókítà fòfin de oúnjẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Àgọ́-Àrẹ, òun ló ń yọ́ gbé iyán lọ bá a. Ó ní ẹni tí wọ́n bá fi iyán dù, kí ló kù tó ń wá láyé? Ẹ̀gbọ́n náà kò sí láyé mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, ó gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Fọkàn balẹ̀, Dọ̀tun," ni Mọ́ládé ń wí. "Kò fura rárá. Bó bá fura pẹ́nrẹ́n, gbogbo ẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn."

Dọ̀tun kan ṣoṣo ni Akínyẹlé mọ̀, nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan tó rí gbọ́gbọ́rọ́, tó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lóṣù tó kọjá láti yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ìjọ wò. Akínyẹlé náà na ìka sílẹ̀ bíi gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n oníbàárà ń retí rẹ̀ nídìí òfì, kò lè dúró. Mọ́ládé ló dúró. Ó pẹ́ kó tó délé lọ́jọ́ náà.

Owú gbé Akínyẹlé mì. Obìnrin tó bímọ tó ti wọ yunifásítì, ta ló ń dín ọ̀rá kù fún?

Bí wọ́n ṣe gbé oúnjẹ kalẹ̀ lálẹ́, ó ti iyán sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Gbé tìrẹ wá. Jẹ tèmi."

"Kò ní dùn lẹ́nu yín."

"Mo ní kó o gbé e wá."

Mọ́ládé jiyàn díẹ̀, ó sì gbé e fún un. Akínyẹlé jẹ ẹ́ tán láìfi omi sí i. Ẹwà tí Mọ́ládé fẹ́ fi oúnjẹ yẹn kó jọ fún Dọ̀tun, inú òun ni yóò gbà lọ. Ó jókòó tì í títí tó fi jẹ iyán náà tán.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lálaalẹ́. Tẹ́lẹ̀, bó bá kúrò nídìí òfì, ìsọ̀ ẹlẹ́rìndòdò ló ń yà sí, yóò mu ìgò kan, yóò tún mu òmíràn. Ní báyìí, ilé ló ń sáré lọ, kí wọ́n má baà ṣí ìkòkò kékeré náà lẹ́yìn rẹ̀. Ó jọ pé ẹ̀fọ́ inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Mọ́ládé tún bẹ̀rẹ̀ ìrìn àárọ̀. Kó tó lọ sílé-ìwé tó ti ń ṣe tíṣà, yóò wọ bàtà, yóò gba ojú ọ̀nà Ṣakí lọ. Akínyẹlé ń tẹ̀ lé e lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń fi igi kajú bojú. Bó bá ti ń mí gúlegúle, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lọ mọ́, Mọ́ládé náà yóò dúró, yóò bẹ̀rẹ̀ so okùn bàtà, yóò máa wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń retí èèyàn. Akínyẹlé mọ ẹni tó ń retí. Ṣùgbọ́n Dọ̀tun kò yọjú níbẹ̀ rí.

Ràsáàkì tó ń hun aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bàbá Olúkúnlé, igi òfì tó máa ń tẹ̀ yín níkùn yìí, ó ti jìnnà sí yín o. Àbí òótọ́ ni wọ́n ń sọ pé òjòwú ò lẹ́ran láyà?"

Akínyẹlé kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé owú ló ń jẹ òun lẹ́ran. Okùn ṣòkòtò rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Kẹ́ẹ̀gì omi tó máa ń gbẹ kí ọ̀sán tó pọ́n ń kù dìrọ̀lẹ́; omi gan-an kò wù ú mu mọ́. Mọ́ládé ní tirẹ̀ ń dán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń kún, bùbá ti ń fún un lápá. Ìyẹn ló dun Akínyẹlé jù, nítorí ẹni tínú rẹ̀ dùn ló ń sanra.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Mọ́ládé wọ aṣọ òfì tí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ hun fún un.

"Mo fẹ́ yà síbì kan," ló wí. "Ẹ má wulẹ̀ tẹ̀ lé mi."

Akínyẹlé tẹ̀ lé e. Ilé ìwòsàn kékeré kan ló yà sí, ó wọ yàrá kan, ó pa ilẹ̀kùn dé. Akínyẹlé gbọ́ ẹ̀rín ọkùnrin. Ó ti ilẹ̀kùn náà wọlé. Dọ̀tun jókòó nídìí tábìlì, Mọ́ládé dúró, ó di ẹ̀yìn àga kan tó ṣófo mú. Kò sí èyí tó ta gìrì nínú àwọn méjèèjì.

"Ẹ rò pé mi ò mọ̀ ni?" ni Akínyẹlé wí. "Mọ́ládé, sọ ọ́ níwájú rẹ̀. Ṣé o fẹ́ fi mí sílẹ̀ ni?"

"Mi ò fẹ́ kẹ́yin fi mí sílẹ̀ ni," ni Mọ́ládé wí. Omi ti lé sójú rẹ̀. "Ẹ jókòó."

Dọ̀tun gún Akínyẹlé níka, ó wo ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀ títí, ó sì yíjú sí Mọ́ládé: "Ìyá Olúkúnlé, ṣúgà tá a bá nínú ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́jọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ti wálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n ṣíwọ́ àtitẹ̀lé yín."