Ìbọn Oyèdèjì

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Ògúnkúnlé máa ń wá. Bó bá ti gbé ọ̀kadà rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́yìnkùlé, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá àgbà tó ń jẹ́ Àgbékẹ́, á ní, "Ẹ káàsán, mà," á sì mú àáké. Igi tó bá là máa ń tó ìyá náà dáná fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ó ti tó oṣù méje tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ará àdúgbò sì ti ń fi wọ́n ṣàpẹẹrẹ ìdáríjì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi tí ìyá náà ń lọ.

Ògúnkúnlé ló pa Oyèdèjì, àbíkẹ́yìn ìyá náà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún.

Ìbọn ìṣeré ni Oyèdèjì gbé lọ́jọ́ náà, irú èyí tó ń yin ọta oníke róbótó. Ó ní òun fi ń lé ọ̀bọ lóko àgbàdo, ṣùgbọ́n ká sòótọ́, ẹwà rẹ̀ ló wù ú. Ó wúwo lọ́wọ́, ó ní okùn èjìká, ó sì jọ ti sójà débi pé bàbá kan ti sá fún un rí ní gáréèjì. Àwọn tó ṣe é kun ẹnu rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn kí ó má baà tan ẹnikẹ́ni jẹ. Oyèdèjì fi ọ̀dà dúdú bò ó. Ó ní ìbọn wo ló ń kun ètè?

Ògúnkúnlé, tó jẹ́ olórí fijilánté, pàdé rẹ̀ lọ́nà Olúpọ̀nnà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó sì yìnbọn. Kò pè é, kò béèrè orúkọ rẹ̀. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ha ọ̀dà dúdú náà kúrò, àwọ̀ ọsàn sì yọ.

"Ta ló máa dúró bi ẹni tó gbé ìbọn dání pé ṣé gidi ni?" ni Ògúnkúnlé wí.

Wọ́n ní àṣìṣe ni. Wọ́n gba ìbọn tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì dá ti Oyèdèjì padà fún ìyá rẹ̀ nínú àpò sìmẹ́ǹtì. Àwọn àgbà fi ọjọ́ mẹ́ta bẹ ìyá náà. Ògúnkúnlé dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Èmi ni kí ẹ máa pè lọ́mọ láti òní lọ, mà." Àgbékẹ́ wò ó títí, ó ní òun ti gbọ́.

Ọlábánjí, ẹ̀gbọ́n Oyèdèjì, kò gbà. Ó ti Ìbàdàn dé lọ́jọ́ Ẹtì kan, inú ń bí i débi pé kò lè jẹun.

"Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé," ló wí. "Màmá, ó ń wá síbí, ó ń jẹ oúnjẹ yín. Ẹ jẹ́ kí n pàdé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

"O ò ní fọwọ́ kàn án."

"Ṣé ẹ ti gbàgbé Oyèdèjì ni?"

"Mi ò gbàgbé. Bí mo ṣe ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yìí, inú mi ò tíì rọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ nìkan ló kù fún mi, mi ò ní jẹ́ kí o ṣẹ̀wọ̀n. Ti Olúwa ni ẹ̀san. Padà sí Ìbàdàn láàárọ̀ ọ̀la, kí o sì jókòó síbi tí àwọn èèyàn á ti rí ẹ."

Ọlábánjí sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó di àárọ̀, ó wọkọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ògúnkúnlé la igi bó ṣe máa ń ṣe, ó sì jókòó ti ẹ̀bà. Ní oṣù àkọ́kọ́, kì í jẹun nílé yẹn àfi bí ìyá náà bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Báyìí, òkèlè ńlá ló ń bù.

"Kóńdó lásán ni mo fi ń ṣọ́ afárá ọ̀nà Olúpọ̀nnà, mà," ló wí. "Olè sì ti dínà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n kó agbófinró wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣùgbọ́n àjèjì ni wọ́n, wọn ò mọ ẹnikẹ́ni nínú wa."

Àgbékẹ́ wọ yàrá, ó gbé àpò sìmẹ́ǹtì náà jáde. Ẹnu ìbọn inú rẹ̀ ti dúdú padà.

"Ẹ tún un kùn, mà?"

"Olè kì í sá fún ohun ìṣeré. Gbà á. Ìwọ ni ọmọ mi báyìí, mi ò fẹ́ kí o máa lọ lọ́wọ́ òfo."

Ojú Ògúnkúnlé kún fún omijé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó gbé ìbọn náà kọ́ èjìká, ó wo ara rẹ̀ nínú gíláàsì fèrèsé. Ó wù ú. Lẹ́yìn náà ló fẹ́ fi ẹ̀wù òtútù bò ó.

"Má bò ó," ni Àgbékẹ́ wí. "Ohun tí wọn ò bá rí kò lè bà wọ́n lẹ́rù. Aago mélòó lo máa dé afárá?"

"Aago márùn-ún, mà."

"Ó dáa. Máa lọ, ọmọ mi."

Ó dúró títí ìró ọ̀kadà náà fi lọ tán, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé fóònù, ó pe àwọn agbófinró tó jẹ́ àjèjì náà, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ wí pé: "Ọkùnrin kan ń bọ̀ ní afárá ọ̀nà Olúpọ̀nnà lórí ọ̀kadà pupa, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ẹ má ṣe sún mọ́ ọn kí ẹ tó yìnbọn fún un o, ó ti pa ọmọ mi."