Ráútà Tí Kò Gbọdọ̀ Dé Yàrá

Káfíńtà dé ìsọ̀ ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó gbálẹ̀ tán. Obìnrin tó ni ìsọ̀ gbé ráútà wáìfáì mẹ́ta kalẹ̀ fún un. Ọ̀kan ní àńténà mẹ́rin, ó rí bí aláǹtakùn tó dojú délẹ̀. Èkejì ní méjì. Ẹ̀kẹta kò tóbi ju ike ọṣẹ lọ, kò sì ní àńténà rárá.

"Dádì, ẹ mú oníwo mẹ́rin yìí," ni obìnrin náà wí. "Yàrá mélòó lẹ ní?"

"Mẹ́ta, pẹ̀lú pálọ̀. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lẹ́yìn ilé."

"Á dé gbogbo rẹ̀. Á dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò pàápàá."

"Èyí tí kò ní dé ibì kankan ni mò ń wá."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé ọkùnrin náà kò bá a rẹ́rìn-ín, ó ti èyí tó kéré jù síwájú.

"Àwọn arìnrìn-àjò ló máa ń gbé eléyìí sínú báàgì fún òtẹ́ẹ̀lì. Yàrá kan péré ló ń kárí. Tí ògiri bá ti wà láàárín, ó parí."

"Ilẹ̀kùn ńkọ́?"

"Irú ilẹ̀kùn wo?"

"Igi líle. Èmi ni mo kàn wọ́n. Tí o bá tì wọ́n, o ò ní gbọ́ nǹkan kan."

"Kò lè kọjá ìyẹn."

"Mo fẹ́ kó mọ sí pálọ̀. Kò gbọdọ̀ dé yàrá àwọn ọmọ. Kò gbọdọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù mi."

"Ṣọ́ọ̀bù tiyín náà kẹ̀? Dádì, ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń tajà níbí. Àwọn èèyàn máa ń dá eléyìí padà, wọ́n á ní kò lágbára. Ẹ̀yin wá ń ra àìlágbára. Àbí aládùúgbò ló ń jí tiyín lò ni?"

Káfíńtà sanwó. Ó fi ráútà náà sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀.

Nígbà tó délé, ó fa téèpù ìwọ̀n jáde, ó wọn ilẹ̀ láti ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì iná pálọ̀ dé ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, tó jẹ́ ti ọmọbìnrin rẹ̀, àti dé ìkejì, tó jẹ́ ti ọmọkùnrin. Fóònù rẹ̀ dún. Ọmọbìnrin náà, tó ti yọjú rí i, ló kọ̀wé sí i láti inú yàrá: "Bàbá, kí lẹ̀ ń wọ̀n?"

Ó kà á. Ó ti fóònù bọ àpò. Ó lọ kan ilẹ̀kùn ọmọ náà.

"Ẹ ò bá ti fèsì lórí fóònù," ni ọmọ náà wí. Olùkọ́ ìṣirò ni. Orí kọ̀ǹpútà ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ tó wà lọ́nà jíjìn.

"Mo ti ra ráútà míì. Kò ní dé ibí. Wàá máa ṣiṣẹ́ ní pálọ̀."

"Bàbá, akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá ló ń dúró dè mí. Tí wáìfáì ò bá dé yàrá yìí, ilé ọ̀rẹ́ mi ni màá kó lọ. Lónìí yìí."

"Mo gbọ́."

"Ẹ gbọ́, ẹ ṣì fẹ́ ṣe é? Kí ni ìyẹn fẹ́ tún ṣe nínú ohun tó ti bàjẹ́?"

Káfíńtà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Mi ò mọ̀," ó ní.

Ọmọkùnrin yọjú láti yàrá kejì. "A ti di ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi nìyẹn. Ó ku kí wọ́n máa lu agogo fún wa."

"Panu mọ́," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

Káfíńtà yọ ráútà àtijọ́, ó ki kékeré náà bọ iná. Ó gbé fóònù dání, ó rìn lọ sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Níwájú ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, ó ku ìlà wáìfáì kan lójú fóònù. Níwájú ìkejì, kò ku nǹkan kan. Òun fúnra rẹ̀ kò rìn dé ilẹ̀kùn kẹta. Ó yíjú padà.

Ọmọbìnrin náà gbé báàgì rẹ̀ jáde, ó jù ú sí ẹnu ọ̀nà ìta. Ó wo aago. Ó gbé kọ̀ǹpútà wá sórí tábìlì pálọ̀.

"Kíláàsì yìí nìkan," ó ní. "Tí mo bá parí, mò ń lọ."

Ọmọkùnrin náà wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Káfíńtà gbé ẹsẹ̀ àga kan wá láti ṣọ́ọ̀bù, ó ń rọra fi sáńpépà ha á. Wọ́n gbọ́ bí àwọn ọmọ tó wà lọ́nà jíjìn ṣe ń sọ ìdá méjì nínú mẹ́jọ di ìdá kan nínú mẹ́rin, tí wọ́n ń ṣì í, tí wọ́n sì ń tún un ṣe. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ náà dágbére lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọmọbìnrin náà pa kọ̀ǹpútà dé. Kò dìde. Ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀.

"Ọ̀fun mi ti gbẹ," ó ní. "Kí ẹnì kan bá mi bu omi wá."

Káfíńtà àti ọmọkùnrin dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹsẹ̀ àga bọ́ sílẹ̀. Wọ́n forí gbárí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ife méjì ni wọ́n gbé wá. Ọmọbìnrin náà gba méjèèjì, ó mu nínú ọ̀kan, ó mu nínú èkejì, ó bú sẹ́kún. Àbúrò rẹ̀ gbé báàgì náà padà sí yàrá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sì dá a dúró.

Ní oṣù méjì sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ omi yìí kan náà ni ìyá wọn kọ sórí fóònù àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti orí ibùsùn àìsàn rẹ̀ ní yàrá kẹta, ẹnì kọ̀ọ̀kan fi àwòrán àtàǹpàkò dá a lóhùn láti ibi tó wà, ó rò pé ẹlòmíì ti ń gbé omi lọ, ilẹ̀ sì ti ṣú kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ilẹ̀kùn bá òkú rẹ̀.