Ẹnu Ẹ̀gà Kún

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà sórí ọ̀pẹ, ó bá Ẹ̀gà nínú ilé tó hun.

Nígbà tí Ẹ̀gà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, kò sí àárọ̀ kan tí wọn kì í jọ kọrin. Ìyàwó á lé orin, ọkọ á gbè é. Ọmọ dé, orin bá dákẹ́. Ìyàwó tí Ẹ̀gà ti ń fi oríkì pè ní Àwẹ̀ró wá di "Ìyá Àwọn Ọmọ". Kòkòrò ni Ẹ̀gà ń kó kún ẹnu wálé ṣáá. Bí ìyàwó bá kí i, á ní "hùn", á tún fò lọ.

Lọ́jọ́ kan, ó gbé tata ńlá kan sẹ́nu bọ̀, ló bá gbọ́ orin nílé:

Ta ló hun ilé fún mi lórí ọ̀pẹ?
Èmi ni, Àwẹ̀ró, èmi ni!
Ta ló ń jí mi kí oòrùn tó yọ?
Èmi ni, Àwẹ̀ró, èmi ni!

Ìyàwó rẹ̀ ló ń lé e. Odídẹrẹ́ asínnijẹ ló ń gbè é lórí igi kejì!

Inú bí Ẹ̀gà. Ó fẹ́ kígbe, tata ò jẹ́. Bó bá gbé e mì, kí làwọn ọmọ máa jẹ? Bó bá sì dákẹ́, Odídẹrẹ́ di baálé. Ìyàwó fi igun ojú wò ó, ó tún lé orin. Kí Odídẹrẹ́ tó mí, Ẹ̀gà lanu gbàgà: "Èmi ni, Àwẹ̀ró, èmi ni!"

Tata já bọ́, ó bẹ́ wọ igbó lọ.

Àwọn ọmọ figbe ta: "Bàbá, oúnjẹ wa!"

Ìyá wọn ní, "Ẹ ní sùúrù díẹ̀. Ó pẹ́ tí kòkòrò ti ń wọlé níbí; òní lọkọ mi dé."

Nítorí náà, bí ariwo ẹ̀gà bá ń dí yín létí, ẹ má sọ̀kò sí wọn. Tọkọtaya ló ń gberin. Tata ò sì tíì tán nínú igbó.