Kóńgò Tí Àǹtí Morìnsọ́lá Gbé Wá

Àwọn ọmọ Kíláàsì Kẹrin kì í jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣirò, ṣùgbọ́n bí Àǹtí Morìnsọ́lá bá ti gbé ìwé ìtàn jáde, kò sẹ́ni tó ń tọrọ àyè láti lọ tọ̀ mọ́. Á ka ìtàn fún wọn, wọn á sì fi ọwọ́ ara wọn dán ohun tó wà nínú rẹ̀ wò. Nígbà tí wọ́n ka ti adìyẹ tó fẹ́ sọdá odò, wọ́n fi amọ̀ mọ ọkọ̀, wọ́n da omi sílẹ̀ káàkiri, ọ̀gá ilé ìwé yọ̀ ṣubú, kò sì tíì dárí jì wọ́n títí di òní.

Lọ́sẹ̀ yìí, ìtàn òkété tó ń ta èlùbọ́ ni. Òkété tẹ́ pákó sí ìsàlẹ̀ kóńgò rẹ̀, ó ń rẹ́ gbogbo ẹranko jẹ, títí èèrà fi gbé kóńgò mìíràn wá, tó da èlùbọ́ inú ti òkété sínú rẹ̀, tí àṣírí fi tú.

"Kí la rí kọ́ níbẹ̀?" Àǹtí bi wọ́n.

"Pé òkété lówó," Adéjùwọ́n dáhùn. Bàbá rẹ̀ ló ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù; ohun tí ọmọ náà ń gbọ́ nílé ló ń sọ.

Ìtàn náà bọ́ sí àsìkò. Àwọn ìyá márùn-ún ló ń ta ìrẹsì níwájú ilé ìwé wọn ní Olódì-Apápá. Ẹni tó dé kẹ́yìn nínú wọn ni ìyá Ṣayọ̀, Ṣayọ̀ sì ń jókòó ní bẹ́ńṣì iwájú ní Kíláàsì Kẹrin. Àwọn mẹ́rin yòókù ní kóńgò rẹ̀ kò pé. Màmá Ebiere, olórí wọn, ti sọ ọ́ láìfi bò pé tó bá fi máa di ọjọ́ Ẹtì, kó ká agboòrùn rẹ̀ kó kúrò. Ìrẹsì yẹn ló ń rán Ṣayọ̀ nílé ìwé. Láti ọjọ́ Ajé ni ọmọ náà kò ti jẹ oúnjẹ ọ̀sán, àánú rẹ̀ sì ṣe Àǹtí gan-an.

"A ò ní bá ẹnikẹ́ni jà," Àǹtí sọ fún kíláàsì. "A máa wọ̀n ọ́n ni."

Nígbà tó délé ní Ajégúnlẹ̀, ó mú kóńgò ìyá rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn. Ìyá náà ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́tàlélógún ló fi ta gàrí, ó sì fi gàrí náà rán ọmọ mẹ́rin dé yunifásítì, ohun tí àwọn tí wọ́n jọ ń tà kò lè ṣàlàyé títí wọ́n fi kógbá sílé. Kóńgò náà ti gbó, ó ti tẹ̀ káàkiri. Àwọn ọmọ lẹ bébà funfun mọ́ ọn lára, wọ́n fi bírò pupa kọ ÒTÍTỌ́ sí i, wọ́n sì ya èèrà kan tó jọ màlúù sábẹ́ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n tò jáde. Òfin rọrùn. Ìyá kọ̀ọ̀kan á bu ìrẹsì kún kóńgò tirẹ̀, wọn á fi rúlà gbá orí rẹ̀ dọ́gba, wọn á sì dà á sínú ÒTÍTỌ́. Bí ÒTÍTỌ́ bá kún tí ìrẹsì ṣẹ́kù, wọn á fi agolo mílíìkì wọn èyí tó ṣẹ́kù. Bí kò bá kún, òkété ni onítọ̀hún.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìdí àwọn kóńgò wọn," Adéjùwọ́n dábàá.

"Ojú kì í wọn nǹkan. Ẹ dà á."

Màmá Ebiere ló kọ́kọ́ bu tirẹ̀, ó sì fọwọ́ lẹ́rán. "Àǹtí, I dey watch you o. Mi ò rẹ́ èèyàn jẹ rí."

ÒTÍTỌ́ kún, agolo mẹ́ta ṣẹ́kù. Ti ẹnì kejì ṣẹ́ku agolo mẹ́ta. Ti ẹnì kẹta, agolo mẹ́ta. Ti ẹnì kẹrin, agolo mẹ́ta.

"Ṣé wọ́n ṣèpàdé ni?" Adéjùwọ́n bèèrè.

"Inú rere máa ń ran èèyàn," Àǹtí dá a lóhùn. "Mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin jẹ́ mélòó?"

"Méjìlá!"

Ó wá kan ìyá Ṣayọ̀. Kó tó bu ohunkóhun, ó gba ÒTÍTỌ́ lọ́wọ́ Àǹtí, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó sì ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Ara rẹ̀ balẹ̀.

"Ẹni tó ni kóńgò yìí mọ ọjà tà, Àǹtí," ó sọ.

Ṣayọ̀ di ojú. Ìrẹsì ìyá rẹ̀ kún ÒTÍTỌ́ dé etí, kò dín, kò lé. Àwọn ọmọ hó yèè. Ṣayọ̀ la ojú, ó bú sẹ́kún, ó ní ebi ń pa òun.

Àǹtí ṣàlàyé fún àwọn tó pé jọ pé nínú àwọn márààrún, ìyá Ṣayọ̀ nìkan ló mọ ìrẹsì wọ̀n. Àwọn mẹ́rin yòókù kì í ṣe olè. Wọ́n kàn ń fi ọjà wọn ṣàánú láìmọ̀ ni. Màmá Ebiere wo kóńgò tirẹ̀ títí, bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ já kulẹ̀.

"So agolo mẹ́ta-mẹ́ta ni mo ti ń fi ṣòfò láti ọjọ́ yìí?" Ó yíjú sí ìyá Ṣayọ̀. "My sister, abeg, má bínú sí mi."

Kó tó di ọ̀sán, òun àti àwọn mẹ́ta yòókù ti gbé kóńgò wọn lọ bá páńẹ́ẹ̀lì-bítà kan ní Malu Road, kó bá wọn lu ìdí rẹ̀ wọlé kó lè bá ÒTÍTỌ́ mu. Adéjùwọ́n ló ru ÒTÍTỌ́ tẹ̀ lé wọn, kí páńẹ́ẹ̀lì-bítà lè rí àpẹẹrẹ.

Ayọ̀ ni Àǹtí Morìnsọ́lá gbé wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí òkété dórí ẹkún Ṣayọ̀.

"Kóńgò wo lo gbé lọ?" ìyá rẹ̀ bèèrè.

"Èyí tó wà lábẹ́ ibùsùn yín, Mọ̀ọ́mì."

Ìyá rẹ̀ gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀, ó ní, "Èyí tí mo fi ń rà ló wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, èyí tí mo fi ń tà lo gbé lọ, èmi àti bàbá ẹ la sì jọ fi òòlù lu ìdí ẹ̀ wọlé lọ́dún tí a bí ọ."